Aago Mẹ́ta Òru: Ṣé Ẹ̀dọ̀ Ló Ń Jí Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń jí láàárín aago mẹ́ta sí mẹ́ta ààbọ̀ òru, oorun kì í sì í padà wá mọ́. Ẹnì kan fi àtẹ aago ara ti àwọn ará Ṣáínà hàn mí, ó ní ẹ̀dọ̀fóró mi ni. Ẹlòmíràn ní ẹ̀dọ̀ ni, ó fẹ́ ta àgbo tí ń fọ ẹ̀dọ̀ fún mi. Ta ni kí n gbà gbọ́?
Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àìsùn o, Ìyá Ìbejì. Ẹ má tíì ra ohunkóhun.

Ziwu liuzhu ni wọ́n ń pe àtẹ náà. Wọ́n pín ọjọ́ sí ìgbà méjìlá, wákàtí méjì méjì, wọ́n sì ní qi, agbára tí ń rìn nínú ara, máa ń kún inú ipa ọ̀nà ẹ̀yà ara kan ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Àpò òróòro ló ni aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago kan, ẹ̀dọ̀ ni aago kan sí mẹ́ta, ẹ̀dọ̀fóró ni mẹ́ta sí márùn-ún.

Oòrùn ni wọ́n fi ń ka wákàtí wọ̀nyẹn, kì í ṣe aago ara ògiri. Ní Èkó, oòrùn kì í kan àtàrí títí di nǹkan bí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 46, ó sì ń yí díẹ̀ láti oṣù dé oṣù. Ìgbà ẹ̀dọ̀ lọ́dọ̀ yín á wá bọ́ sí nǹkan bí aago kan kọjá ìṣẹ́jú 46 sí mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 46. Bó bá jẹ́ ti àtẹ nìkan, ẹni tó ní ẹ̀dọ̀ ni ló kà á tọ́.

Àmọ́ fífọ̀ kọ́ ló kàn. Ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń wí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń yẹ̀ wò ní ọsibítù. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń sinmi sí lóru, ibẹ̀ sì ni ẹ̀mí tí wọ́n ń pè ní hun ń sùn. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá tó, hun á máa rìn kiri, àlá á pọ̀, èèyàn á ta jí. Bíbọ́ ni wọ́n ń bọ́ irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀. Suanzaoren tang, àpòpọ̀ egbòogi márùn-ún tí Zhang Zhongjing, oníṣègùn Ṣáínà àtijọ́, kọ sílẹ̀ ní ìparí ìjọba Han, iṣẹ́ yẹn gan-an ló wà fún.

Oníṣègùn wọn tó mọṣẹ́ kì í fi aago nìkan dájọ́. Á wo ahọ́n, á fọwọ́ kan ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ọwọ́. Ahọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá pẹ̀lú òòyì, ẹ̀jẹ̀ ló dín. Ẹnu kíkorò àti ìbínú òjijì, iná ẹ̀dọ̀ ni. Bí ahọ́n bá léfun tó nípọn tí ẹ sì ń gùnfẹ̀, oúnjẹ ló dúró sínú: ẹ wo aago tí ẹ jẹ iyán ná.

Ìwádìí òde òní kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wákàtí tí a jí ń sọ ẹ̀yà ara tó ń ṣàìsàn. Ohun tó dájú ni pé oorun ìdajì kejì òru fúyẹ́, nǹkan kékeré lè jí èèyàn.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa dìde ní aago kan náà láràárọ̀, bó ti wù kí òru rí. Ẹ parí oúnjẹ alẹ́ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú oorun. Ẹ má mu kọfí, ẹ má sì jẹ obì, lẹ́yìn ọ̀sán. Kaféènì wà nínú obì náà. Tí ẹ bá jí, ẹ má wo fóònù. Bó bá tó bí ogún ìṣẹ́jú láìsùn, ẹ dìde jókòó níbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀ títí oorun yóò fi dé. Ẹ lè tẹ Taichong, ojú ibi títẹ̀ kan lórí ipa ọ̀nà ẹ̀dọ̀ yẹn: ẹ fi ìka wọ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ láti àárín àtàǹpàkò àti ìka kejì títí á fi wọ kòtò kékeré, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá ń hanrun tí èémí ń dá, tí ẹ ń tọ̀ léraléra pẹ̀lú òùngbẹ, tí àyà ń há tàbí ń hó ní ìdájí, tàbí tí ọkàn yín ti rẹ̀wẹ̀sì fún ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà ni kí ẹ lọ rí. Bó bá jẹ́ alẹ́ ni ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń múni tọ̀, ẹ bi í bóyá ẹ lè yí i sí àárọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní he shou wu, egbòogi Ṣáínà kan, ń mú oorun wá. Ṣé kí n lò ó?
Olùkàwé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Rárá, ẹ má lò ó fúnra yín. A ti mọ̀ ọ́n dáadáa pé ó máa ń ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́, ẹ̀dọ̀ gidi. Bí ẹ bá sì rí zhusha, òkúta pupa kan tí wọ́n ń lọ̀ sínú oògùn, lára páálí oògùn oorun èyíkéyìí, ẹ gbé e padà: mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀.