Súìtì Kan Ló Pa Mí Lẹ́kún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Mo lọ wo àfihàn iṣẹ́ ọnà kan. Wọ́n da súìtì aláwọ̀ mèremère jọ sí igun yàrá, wọ́n ní ká mú. Mo bó ọ̀kan, mo jù ú sẹ́nu. Ìgbà tí mo wá ka àkọlé ara ògiri, ni omi bá ń dà lójú mi pòròpòrò. Àbúrò mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Torí súìtì?" Ṣé nǹkan ń ṣe mí ni?

Ìdáhùn: Nǹkan kan ò ṣe yín. Iṣẹ́ Felix Gonzalez-Torres, ọmọ bíbí Kúbà, lẹ rí. Ó ṣe é ní 1991, ọdún tí àrùn éèdì pa Ross, olólùfẹ́ rẹ̀. Nǹkan bí kílò 79 ni súìtì náà, ìwọ̀n ara ọkùnrin tó lera. Bí èrò ṣe ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan ni òkìtì náà ń dín kù, bí aláìsàn ṣe ń rù. Ẹ ti jẹ níbẹ̀ kí ẹ tó mọ̀! Adùn ṣì wà lẹ́nu yín nígbà tí ìròyìn ikú dé. (Èmi tí mo kàn rí fọ́tò rẹ̀ nínú ìwé, ńṣe ni mo pa ìwé náà dé.)

Ní 2010, oníṣẹ́ ọnà mìíràn, Marina Abramović, kàn jókòó sórí àga ní MoMA, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan ní New York, ó ń wo ojú ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ló sunkún, kò sì sí súìtì níbẹ̀ rárá.

Ẹ bi àbúrò yín bóyá ó tiẹ̀ ka àkọlé ọ̀hún. Tiyín ńkọ́, ṣé ẹ rí i gbé mì?