Kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná ni kí ẹ ti débẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí páwà báìkì tòkunbọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Páwà báìkì méjì ni mo ń wò. Ọ̀kan wà ní Gwarinpa l'Ábújá, Honda CBR600 F4i ọdún 2003. Mítà rẹ̀ kò tíì tó 14,000 máìlì, ara rẹ̀ ń dán gbinrin, àmọ́ ẹni tó ni ín ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun ti gbé e kalẹ̀. Èkejì wà ní Lugbe, Suzuki GSX-R600 ọdún 2005. Ó ti rin 38,000 máìlì, plásítíìkì rẹ̀ ti họ lápá kan, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e jáde. Iye kan náà ni wọ́n ń pè é. Èwo ni kí n mú, kí ni mo sì máa wò?
— Òǹkàwé, Kubwa

Ìdáhùn: Ti Lugbe ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò. 38,000 máìlì kò tíì pa ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ déédéé. Ìjókòó gbére ló ń ba báìkì jẹ́. Epo tó bá jókòó sínú táǹkì lọ́dún mẹ́ta á dì bíi gọ́ọ̀mù, omi á wọnú rẹ̀, táǹkì á dípẹtà, ìpẹtà yẹn á sì dí fílítà póòmpù epo àti ihò ínjẹ́ítọ̀ tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Omi bíréèkì á ti fa ọ̀rinrin, písítìnì rẹ̀ á lẹ̀. Rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró lára fọ́ọ̀kì iwájú á gan. Eku náà kì í fi wáyà sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ti Gwarinpa, ẹ ní kí ó ṣí táǹkì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìpẹtà, tàbí tí epo náà ń rùn bí ọ̀dà, owó póòmpù, owó fífọ ínjẹ́ítọ̀ àti owó táǹkì gbọ́dọ̀ kúrò nínú iye tó ń pè.

Máìlì ojú mítà, ẹ má gbà á gbọ́ tán, torí mítà ṣeé pààrọ̀. Ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń kàn ni kí ẹ wò: rọ́bà ọwọ́, ibi ìtẹ̀sẹ̀, irin jíà, ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹ wo díísìkì bíréèkì iwájú náà. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ jù ú lọ sára rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ MIN TH. Bí díísìkì tó bá báìkì wá bá ti jẹ dé ìwọ̀n yẹn, 14,000 kọ́ ló rìn.

Láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án. Ẹ dé láàárọ̀ kùtù, kí ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ ní ẹ ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn, torí ẹ́ńjìnnì gbígbóná máa ń bo àṣírí. Bó ṣe tutù yẹn ni kí ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, kódà bó bá gba pé kí wọ́n tú plásítíìkì. Ẹ má ṣí i rárá bó bá ti gbóná. Omi inú rẹ̀ yẹ kó mọ́; àwọ̀ ewé tàbí búlúù ló sábà máa ń ní. Bó bá pọ́n bí omi ẹrẹ̀, omi lásán ni wọ́n ń bù sí i, ìpẹtà sì ti wà nínú rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá léfòó lórí rẹ̀, ẹ máa lọ sílé yín.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Iná FI lójú mítà, tó ń kìlọ̀ bí ètò ìfọ́nepo bá ní àléébù, gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ ọ́ kí ẹ má bàa rí àléébù. Ẹ wá tan báìkì. Èéfín funfun díẹ̀ láàárọ̀ kì í ṣe nǹkan. Bó bá gbóná tán tí funfun yẹn kò lọ, omi rédíétọ̀ ló ń jó. Èéfín aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó: bó bá jáde nígbà títàn nìkan, rọ́bà fáàfù ni, bó bá ń jáde nígbà tí ẹ bá ń fún un níná, ríǹgì písítìnì ti jẹ, ìyẹn sì wọ́n. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ níbi tó wà títí fáànù fi máa yí. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ooru bá wọ nǹkan bí 100 sí 105°C. Bó bá kọjá 110 tí fáànù kò yí, gosiló Nyanya ló máa jẹ́rìí sí i fún yín.

Iná mànàmáná ló ń dá àwọn báìkì ọjọ́ orí yìí sójú títì jù, nítorí náà ẹ mú tẹ́sítà dání, tàbí kí ẹ mú réwáyà lọ. Kí wọ́n tó tan báìkì, bátìrì tó pé yẹ kó ka nǹkan bíi fólítì 12.6. Ẹ tan án, ẹ gbé e dé 5,000 lójú mítà yíyí (èyí tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí): ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.8. Bó bá dúró sí 12 àti díẹ̀, iná kò wọ bátìrì. Bó bá kọjá 15, rẹ́gúlétọ̀ tó ń díwọ̀n iná tó ń wọ bátìrì ti bàjẹ́, á sì se bátìrì jóná. Ẹ wá wáyà mẹ́ta aláwọ̀ kan náà tó ti inú sítétọ̀, ohun tó ń pèsè iná nínú ẹ́ńjìnnì, jáde (yẹ́lò ló sábà máa ń jẹ́), ẹ wo ibi tí wọ́n ti so wọ́n. Bí plásítíìkì ibẹ̀ bá ti yọ́ tàbí tó ti dúdú, ooru ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ tan báìkì, ẹ fi tẹ́sítà wọn iná AC láàárín wáyà méjì-méjì. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ pa á, ẹ fi tẹ́sítà kan wáyà kan àti irin ẹ́ńjìnnì: bí iná bá lè gba ibẹ̀ kọjá, sítétọ̀ ti jó. Rẹ́gúlétọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ réwáyà máa ń pààrọ̀, ìdí sì nìyẹn tí tuntun fi máa ń jó lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Ti plásítíìkì tó họ lára Suzuki, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Èyí tó ń dán gbinrin ni kí ẹ fura sí, torí plásítíìkì tuntun máa ń bo ìṣubú. Ẹ yí ọwọ́ báìkì sápá kan títí yóò fi dúró, ẹ wo ibi tí irin ti ń kan irin lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀sì. Bí ibẹ̀ bá ti rún tàbí tó sán, ó ti ṣubú burúkú. Ṣẹ́ẹ̀sì alumíníọ̀mù tí wọ́n jó ní wẹ́dà, ẹ kọ̀ ọ́, iye yòówù kí wọ́n dín in sí.

Wọ́n mọ Honda F4i mọ ariwo kan dáadáa: tẹ́ńṣọ́nà, irin tó ń fa ṣéènì kámù inú ẹ́ńjìnnì le, máa ń rẹ̀, á sì máa dún ṣẹkẹ-ṣẹkẹ. Kì í ṣe ikú ẹ́ńjìnnì, ẹ fi dúnàá-dúrà ni.

Ìbéèrè: Ojú táyà báìkì tí mo fẹ́ rà ṣì jinlẹ̀, fọkanáísà sì ní kò sí wàhálà. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀?
— Òǹkàwé, Karu

Ìdáhùn: Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà DOT sí lára táyà, ibẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014. Rọ́bà tó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà ti le, kì í di ojú títì mú mọ́, pàápàá nínú òjò, bó ti wù kí ojú rẹ̀ jinlẹ̀ tó. Ẹ kà á sí pé báìkì náà kò ní táyà. Lára páwà báìkì 600 ìgbà yẹn, 120/70-17 ló sábà máa ń wà níwájú, 180/55-17 lẹ́yìn. Ẹ béèrè iye méjèèjì kí ẹ tó pe owó.

Ìbéèrè: Bí mo bá fún báìkì tí mo fẹ́ rà níná ní jíà kejì, jíà á fò jáde. Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ní kí n kàn tún wáyà klọ́ọ̀ṣì fà. Ṣé lóòótọ́ ni?
— Òǹkàwé, Kaduna

Ìdáhùn: Rárá o. Bí klọ́ọ̀ṣì bá ń yọ̀, mítà yíyí á gòkè láìjẹ́ pé eré pọ̀ sí i, jíà á sì dúró síbi tó wà. Bí jíà bá fò jáde, eyín tó ń di jíà mú ti jẹ, tàbí fọ́ọ̀kì inú rẹ̀ ti wọ́. Wọ́n ní láti la ẹ́ńjìnnì sí méjì kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ìbéèrè: Ìwé wo ni mo máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta báìkì tòkunbọ̀?
— Òǹkàwé, Mararaba

Ìdáhùn: Ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù, ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti ìwé títà tí ẹni tó ni ín fọwọ́ sí. Nọ́ńbà ṣẹ́ẹ̀sì, tó ní ẹyọ 17 (lẹ́tà àti nọ́ńbà), wà lọ́rùn báìkì, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára ẹ́ńjìnnì, ẹ fi méjèèjì wé ìwé. Bí báìkì bá wá láti Amẹ́ríkà, ẹ ka ẹyọ kẹwàá nínú nọ́ńbà ṣẹ́ẹ̀sì, òun ló ń sọ ọdún báìkì: Y ni 2000, 3 ni 2003, 9 ni 2009, A ni 2010. Bí ẹ bá rí ojú fáìlì níbi nọ́ńbà, tàbí tí wọ́n ní ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù sọnù, ẹ má san kọ́bọ̀, àsansílẹ̀ pàápàá.