Draw àti X orí tíkẹ́ẹ̀tì: ìṣẹ́jú 90 ni wọ́n ń kà

Àbúrò mi ní Lafẹ́nwá, o bèèrè ohun tí draw jẹ́ gan-an, torí ẹgbẹ́ tí o fowó sí borí ní pẹ̀nárítì, síbẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ gé. Ọ̀mì ni. Gólù dọ́gba. Àmọ́ ìgbà wo ni wọ́n wò ó? Ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn.

1 ni onílé, 2 ni àlejò, X ni ọ̀mì. Ìṣẹ́jú 90 àti ìwọ̀nba tí rẹfirí bá fi kún un nìkan ni wọ́n ń kà. Ìṣẹ́jú 30 tí wọ́n ń gbá lẹ́yìn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, pẹ̀nárítì kò sí níbẹ̀. Wo Nàìjíríà àti South Africa nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà (AFCON) ní Bouaké, ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2024. 1-1 ni ìṣẹ́jú 90 parí sí, pẹ̀nárítì 4-2 ló gbé wa lọ sí àṣekágbá. Ẹni tó mú X ló gbowó, ẹni tó mú Nàìjíríà pàdánù. Ti Argentina àti Faransé ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé lọ́dún 2022 tún burú jù: 3-3 ni gbogbo èèyàn rántí, ṣùgbọ́n 2-2 ni wọ́n wà nígbà tí ìṣẹ́jú 90 pé. Ẹni tó kọ 3-3 sí correct score, níbi tí wọ́n ti ń sọ iye gólù gan-an, tirẹ̀ gé.

Àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn kántà mọ èyí dáadáa, wọn ò ní sọ fún ọ. Tí o bá pariwo, wọ́n á ní ó wà nínú òfin àwọn. Ó ń bí mi nínú gidi! Tó bá jẹ́ ẹni tó máa kọjá lo fẹ́ fowó sí, "to qualify" ni kí o ní kí wọ́n tẹ̀. Draw no bet máa dá owó rẹ padà bí wọ́n bá ta ọ̀mì. 1X máa sanwó bí onílé bá borí tàbí ta ọ̀mì, àmọ́ èrè rẹ̀ kéré. Ka ìwé yẹn kí o tó kúrò ní kántà, torí wọ́n lè tẹ X2 (ọ̀mì tàbí àlejò) fún ẹni tó ní 1X. Má sì fi owó iléèwé ọmọ ṣe é.

Draw tí CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ń ṣe, ìyẹn yàtọ̀: bọ́ọ̀lù kéékèèké ni wọ́n ń mú nínú abọ́ láti mọ ẹni tó máa bá ẹni pàdé.

Nínú ẹ̀ṣẹ́, adájọ́ ló ń fa ọ̀mì. Fury àti Wilder, oṣù kejìlá ọdún 2018: ọ̀kan ní Wilder, ọ̀kan ní Fury, ẹ̀kẹta ní wọ́n dọ́gba. Bẹ́líìtì wà lọ́wọ́ Wilder.

Kírikẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ márùn-ún ni kí o ṣọ́ra fún. Draw níbẹ̀ ni pé àkókò tán kí wọ́n tó parí, bí ẹnì kan tilẹ̀ ń ṣíwájú. Bí iye run (àmì ayò) wọn bá dọ́gba nígbà tí wọ́n parí, tie ni wọ́n ń pè é.