Iná LED tó ń jó lórí táǹkì iyùn: ibi tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò

Ẹ ní táǹkì omi iyọ̀ tí ẹ ti ń sin iyùn (coral, ẹran inú òkun) gùn ní 60 cm, ó fẹ̀ ní 40, ó sì jìn ní 40. LED oní-3W 24 lẹ tò sórí rẹ̀, ìlà méjì, ẹ so méjèèjì mọ́ dráífà (ẹ̀rọ tó ń fún LED ní kọ́ráǹtì, ìyẹn iná tó ń ṣàn, tí a ń fi mA wọ̀n) 1400 mA kan ṣoṣo. Ní báyìí mẹ́ta ti jó, iyùn yín sì ń funfun. Ẹ má tíì ju nǹkan kan nù. LED 24 tó táǹkì yẹn dáadáa. Bí ẹ ṣe so wọ́n ni kò dára.

Èèyàn á rò pé kọ́ráǹtì máa pín sí 700 síbí, 700 sọ́hùn-ún. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìlà tí fóltéèjì rẹ̀ bá relẹ̀ díẹ̀ ló ń gba púpọ̀ jù. Bó ṣe ń gbóná ni fóltéèjì rẹ̀ tún ń relẹ̀, á sì tún gbà sí i. Bí LED kan bá wá já nínú ìlà yẹn, gbogbo 1400 á ya lu ìlà kejì.

Dráífà méjì ni kí ẹ rà, 700 mA tí kọ́ráǹtì rẹ̀ kì í yí padà, ọ̀kan fún ìlà kan. LED kọ̀ọ̀kan ń gba bíi 3.2 V, nítorí náà 12 tí ẹ so tẹ̀ léra, + mọ́ −, máa gba bíi 38 V. Dráífà tí wọ́n kọ 9–48 V sí lára á gbé e láìṣe wàhálà. Kí ìlà kìíní jẹ́ royal blue (búlúù tó jinlẹ̀) 12 (450 nm), kí ìkejì jẹ́ royal blue 4 àti funfun 8 (6500K). Búlúù ni ewé omi tíntìntín tó ń gbé inú ẹran ara iyùn ń lò jù, òun ni kí ó kọ́kọ́ tàn láàárọ̀, òun náà ni kí ó kú kẹ́yìn.

Ooru ló kù. Gbogbo rẹ̀ ń jẹ bíi 54 W, ó sì yẹ kí ẹ ní álúmíníọ̀mù eléyín tí ẹ máa de LED mọ́ kí ó lè máa gba ooru, tó gùn tó 50 cm, tó fẹ̀ ní 15, pẹ̀lú fáànù 12 V kan. Thermal paste (ọ̀rá tó ń gbé ooru láti ara LED lọ sí álúmíníọ̀mù) tó tó hóró ìrẹsì kan ti tó fún LED kan. Bó bá nípọn, ṣe ló máa dí ooru. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ (solder) sí ojú ìsọwáyà kí ẹ tó de LED mọ́ álúmíníọ̀mù, torí lẹ́yìn ìyẹn irin náà á máa fa ooru soldering iron lọ. Ojú ìsọ tó dára máa ń dán, ó sì máa ń tẹ́. Èyí tó rí roboto tí kò dán kò mú.

Ẹ wo abẹ́ orí skúrù kọ̀ọ̀kan dáadáa. Bó bá kan ojú ìsọwáyà, iná á kọjá sí álúmíníọ̀mù, nítorí náà wásà onínáílọ́ọ̀nù ni kí ẹ fi sábẹ́ rẹ̀. Ẹ há ibi kékeré kan lára álúmíníọ̀mù tí wọ́n kùn ní dúdú, torí ọ̀dà yẹn kì í gbé iná. Ẹ yí mítà sí ibi tó máa ń dún bí iná bá lè kọjá, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan síbẹ̀, kí ẹ máa fi èkejì kan ojú ìsọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá dún, skúrù yẹn ni kí ẹ tú.

Ẹ má ṣe fi LED kan dráífà tó ti wà lórí iná láé! Fóltéèjì tó ga jù ti kó jọ sẹ́nu rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa fi pa wọ́n. Ẹ so gbogbo rẹ̀ tán, kí ẹ tó ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn álúmíníọ̀mù. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, fáànù kò tó.

Ní ti iyùn tó ń funfun, ìmọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù lójijì. Bí lẹ́ńsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ bá wà lójú LED, ẹ yọ ọ́ kúrò, táǹkì 40 cm kò nílò rẹ̀. Ẹ gbé iná sókè sí 25 cm, kí ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ìpele mẹ́ta sórí táǹkì, kí ẹ máa ká ìpele kan kúrò ní ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá. Wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ti tó.

Kí wáyà áàtì kan álúmíníọ̀mù, kí wáyà iná rọ̀ sísàlẹ̀ kí ó tó gòkè sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi má bàa tẹ̀ lé e wọlé. Akírílíìkì 3 mm ni kí ẹ fi bo ojú LED. Iyọ̀ máa ń gbẹ mọ́ ọn ní funfun; ẹ fi omi lásán nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.