Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ní Ohio: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú oríire ọmọ, Màmá. Ẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Ohio ti gba ọmọ yín obìnrin, wọ́n sì fẹ́ san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe yunifásítì, kó yáa dúró sí Ìbàdàn tó ti rí ààyè Microbiology. Irú ilé-ìwé yẹn gan-an ni mo lọ ní Ohio, láti Oṣù Kẹjọ 2021 títí di Oṣù Karùn-ún 2025. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn létí.

Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n wa. Lọ́dọ̀ tiwa, bí èèyàn bá gbọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ilé-ìwé girama tàbí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló ń wá síni lọ́kàn. Èyí tí wọ́n ń pè ní liberal arts college ní Amẹ́ríkà, dìgírì ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀, ọdún mẹ́rin gbáko. Ohun tí wọn kì í sábà ní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítà àti PhD, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló máa kọ́ ọmọ yín, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́. Macalester, irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ ní Minnesota, ni Kofi Annan, ọmọ Ghana tó di ọ̀gá àgbà àjọ UN, ti gba dìgírì tiẹ̀ ní 1961. Obama lo ọdún méjì ní Occidental, irú ẹ̀ mìíràn, kó tó lọ sí yunifásítì Columbia. Oberlin, tó wà ní Ohio níbẹ̀, ti ń gba ọmọ aláwọ̀ dúdú láti 1835. Ẹ̀rù tó yẹ kó ba ẹ̀gbọ́n wa kọ́ ló ń bà wọ́n.

Bí ibẹ̀ ṣe kéré tó ni kí ẹ rò. Gbogbo wa kò ju 1,600 lọ. Kíláàsì mi tó kún jù, àwa 28 ni. Èyí tó kéré jù, àwa 7. Bẹ́ẹ̀ mo ti ṣe díẹ̀ ní yunifásítì ńlá nílé, kí ìyanṣẹ́lódì 2020 tó gba oṣù mẹ́sàn-án lọ́wọ́ wa, níbi tá a ti máa ń dúró lójú fèrèsé gbọ́ lẹ́kíṣọ̀. Níbẹ̀, o lè dákẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ sáà dópin, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo dì mọ́ ẹrù lọ sí Ohio.

Kíláàsì ìtàn ló kọ́kọ́ là mí lójú. Àwa 12 yí tábìlì kan ká. Màmá ọ̀jọ̀gbọ́n wa ti lé lọ́gọ́ta ọdún, wọn kì í dá sọ̀rọ̀. Wọ́n á ju ìbéèrè kan sílẹ̀ lórí ìwé tá a kà lálẹ́ àná, wọ́n á fọwọ́ lẹ́rán, àwọn ọmọ yòókù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà á láàárín ara wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń ka ìwé náà. Mo mọ ohun tí mo lè sọ. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu, mo wá jókòó, mò ń retí kí wọ́n pè mí. Wọn ò pè mí. Ní ọ̀sẹ̀ keje, máàkì ìdajì sáà jáde: mo gba A nínú ìwé kíkọ, mo gba òdo nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ọ̀rọ̀ sísọ sì jẹ́ ìdá 25 nínú 100. Ẹ ṣírò ẹ̀. C- ló kù sí mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà sikọ́láṣípù mi ní kí n má ṣe lọ sílẹ̀ ju B lọ.

Àkókò kan wà lọ́sẹ̀ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ọ̀kan máa ń ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, office hours ni wọ́n ń pè é. Èmi ti rò pé ẹni tí wọ́n bá ká ìwé mọ́ lọ́wọ́ níbi ìdánwò ni wọ́n ń pè síbẹ̀. Mo lọ. Ajá wọn sùn sábẹ́ tábìlì. Mo dọ̀bálẹ̀ ní ìdajì lẹ́nu ọ̀nà, ẹ mọ irú ẹ̀, èyí tí ọwọ́ kàn ń kan orúnkún. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n jọ̀ọ́ má pe àwọn ní "Ma" mọ́, kí n máa pe àwọn lórúkọ. Màmá, ẹnu mi ò gbà á. "Prof" ni mo ń pè wọ́n títí mo fi jáde. Wọ́n béèrè bóyá ìwé náà ni mi ò fẹ́ràn. Mo ní mo fẹ́ràn ẹ̀, àgbà ni mò ń dúró dè. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá ní lọ́jọọ́jọ́ kíláàsì, kí n kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ kí n tó wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, àwọn á wojú mi, kí n ṣáà kà á síta. Gbólóhùn kan péré. B+ ni mo fi parí kíláàsì yẹn, àwọn náà ló sì kọ lẹ́tà fún mi nígbà tí mò ń wá másítà.

Kì í ṣe inú kíláàsì nìkan ni wọ́n ti ń rí ẹ o. Ọ̀sẹ̀ kẹta mi, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, ebi ilé ń pa mí, mo da ata rodo àti àlùbọ́sà sínú òróró gbígbóná ní kíṣìnnì họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mi ò tíì fi síbí rò ó lẹ́ẹ̀mejì tí agogo panápaná fi dún. Gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì jáde sórí koríko pẹ̀lú aṣọ ìsùn, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń sín, ọkọ̀ panápaná dé tòun ti iná pupa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó ń bu ẹyin fún wa ní ilé oúnjẹ bi mí bóyá èmi ni ọmọ aláta. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó wúkọ́ lálẹ́ yẹn, méjì wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé pé àwọn fẹ́ tọ́ ọ wò, àwọn ni ọ̀rẹ́ mi títí di òní.

Ìsinmi Kérésì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Wọ́n máa ń ti họ́sítẹ́ẹ̀lì pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àjòjì tó bá fẹ́ dúró gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù láti Oṣù Kẹwàá. Ímeèlì yẹn wọlé, mi ò kà á. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì wọn ní Oṣù Kejìlá, wọ́n ní ọjọ́ ti kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, yìnyín sì ń bọ́ lẹ́yìn fèrèsé. Ọ̀gá mi níbi tí mo ti ń fọ àwo, ìyá kan tí kò kàwé kọjá girama, ló gbé mi lọ sílé wọn. Mo bá wọn kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà títí ìsinmi fi parí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ìjọba Amẹ́ríkà kì í gba owó orí lórí sikọ́láṣípù tó lọ sórí owó ilé-ìwé àti ìwé, ṣùgbọ́n èyí tó lọ sórí yàrá àti oúnjẹ, wọ́n kà á sí owó tó wọlé. Fún ẹni tó wà lórí físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ìdá 14 nínú 100 ni wọ́n ń yọ, Nàìjíríà kò sì bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn owó orí tó lè gbani sílẹ̀. Yàrá àti oúnjẹ mi fún sáà kan jẹ́ $6,000. Lọ́jọ́ kan nínú Oṣù Kọkànlá mo ṣí àkáǹtì mi nílé-ìwé, mo bá gbèsè $840 níbẹ̀, ìdá 14 yẹn, owó tí mi ò fọwọ́ kàn rí. Wọ́n ní bí mi ò bá san án, mi ò ní lè forúkọ sílẹ̀ fún sáà tó kàn. Dọ́là mẹ́sàn-án ni wákàtí kan níbi ìfọ-àwo. Ẹ fi pín in. Nígbà tí mo kọ fọ́ọ̀mù 1040-NR, fọ́ọ̀mù owó orí àwọn àjòjì, lọ́dún kejì, $240 padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti bó. Iṣẹ́ tí físà gbà láàyè nígbà tí ilé-ìwé ń lọ kò ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀, inú ọgbà ilé-ìwé náà ni, torí náà kí ọmọ yín má fọkàn tán an pé òun á ṣiṣẹ́ san gbogbo ohun tó bá kù.

Ẹ tún ní ìṣègùn ló wù ú tó bá yá. Níbí, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n wa jàre. Lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì gba ẹni tí kò ní gíríìnì káàdì, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà títí. Bí dókítà ló fẹ́ ṣe tí nǹkan mìíràn ò sì wù ú, kó tún un rò. Bí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lásán bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n ń fúnni láàyè ọdún kan láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn dìgírì, oṣù 24 sì lè kún un fún àwọn oní-sáyẹ́ǹsì.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ní kó kọ̀wé sí wọn, kí ìdáhùn wá ní kíkọ: nígbà tí owó ilé-ìwé bá gòkè lọ́dún tó ń bọ̀, torí ó máa gòkè, ṣé sikọ́láṣípù náà á bá a gòkè? Ta ló ń san ìnṣọ́ránsì ìlera? Níbo ni yóò sùn ní Oṣù Kejìlá? Bí lẹ́tà wọn bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ yọ orúkọ ọmọ kúrò, ẹ kó iye owó tó wà níbẹ̀ síbí, a ó jọ ṣírò ẹ̀.