Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ fún òkú pé kó má jọ̀kùn, kó má jekòló?

Àbúrò mi tó bèèrè ìtumọ̀ "ó di gbéré, ó di àrìnnàkò, ó dojú àlá, bó o bá dọ́run, má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó o bá wọn jẹ", tó tún ń bèèrè bóyá òun lè sọ ọ́ níbi fìdáù màmá òun, o ṣeun gan-an, torí inú ti ń bí mi látọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀gbẹ́ni kan lórí rédíò tó ní àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n ń fún lọ́kùn jẹ lọ́run, pé ṣe là ń bẹ̀bẹ̀ kí èèyàn wa má wọná. Irọ́ gbuu! Ta ló kọ́ ọ̀gbẹ́ni yẹn nírú ẹ̀?

Inú ilẹ̀ lọ̀kùn àti ekòló ń gbé. Láyé àtijọ́ inú ilé la ń sin àgbà sí, nínú yàrá ẹ̀ gan-an, àwọn ọmọ á sì máa sùn lórí oórì bàbá wọn. Ẹni tó sún mọ́ni tó báyẹn, ìbẹ̀rù tó wà níbẹ̀ ni pé kó má lọ mọ́, kó jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀, kó máa jẹ ohun tó bá bá níbẹ̀, tàbí kó tiẹ̀ lọ di àkúdàáyà, kó lọ fẹ́yàwó sílùú ibòmíì, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí ará ilé ẹ̀ bá yà síbẹ̀ lá pòórá. Ohun tí ẹlẹ́kún ń sọ ni pé má dúró lọ́nà, kọjá, wọlé tọ àwọn bàbá ẹ, bá wọn jẹun. Bí ìyàwó tuntun nílé ọkọ ló rí, ọjọ́ tó bá bá wọn tọwọ́ bọ abọ́ ló tó di ará ilé. Èmi gbà dájú pé ẹni tó bá bá wọn jẹun náà ni wọ́n ń yọ̀ǹda fún kó padà wá yà lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀, àwọn Babátúndé, Yétúndé, Ìyábọ̀ tá à ń sọ wọ̀nyí. Ẹni tó bá jókòó sínú ilẹ̀ tó ń jekòló, ta ni yóò yọ̀ǹda fún un?

Nígbà tí ìyá tó bí ìyá mi kú ní Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ náà la sin wọ́n nílànà Mùsùlùmí, àwọn ààfáà sì ti kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má pohùn réré ẹkún. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń tajà lọ́jà Olúwo dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò pariwo rárá, wọ́n pe oríkì ìyá àgbà, wọ́n débi má jọ̀kùn má jekòló, wọ́n wá ní "ohun tí wọ́n bá ń jẹ ni kó o bá wọn jẹ, bí ìkọ́kọrẹ́ wọn ò tiẹ̀ lẹ́ja, jọ̀ọ́, bá wọn jẹ ẹ́." Gbogbo ilé bú sẹ́kún, ààfáà ò lè dá wa lẹ́kun mọ́, torí kò sẹ́ni tó mọ ìyá àgbà tí ò mọ̀ pé wọn kì í fọwọ́ kan oúnjẹ tí ò lẹ́ja ọ̀bọ̀kún nínú. Ẹlẹ́ṣẹ̀ tó ń lọ síná lèèyàn á wá máa bẹ̀ pé kó má ṣa oúnjẹ jẹ? Ẹni tó ń lọ bá ará ilé là ń kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún.

"Ó di àrìnnàkò" ò le, àfi tá a bá ṣèèṣì pàdé lójú ọ̀nà. Ìrèmọ̀jé tẹ́lòmíì ń kó mọ́ ọn, tàwọn ọdẹ nìyẹn, níbi ìṣípà ọdẹ ni wọ́n ti ń sun ún.

Ohun tó ń dùn mí ni pé inú fóònù ni wọ́n ti ń kà á báyìí, ẹni tó ń darí ètò á gbé e sókè, ọ̀kan náà ló máa kà fún màmá lágbájá àti bàbá tàmẹ̀dù, kò sẹ́ni tó ń fi ìkọ́kọrẹ́ tẹnì kankan sí i. Ẹ̀pẹ́ tó ń ṣọdún Káyókáyó títí dòní nítorí bí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó táwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò lórí oyè lọ́dún 1851, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ síbẹ̀, bi ọ̀dọ́ ibẹ̀ léèrè oríkì ìyá ẹ̀ àgbà, ẹnu ẹ lá máa wò.

Sọ ọ́ níbi fìdáù náà, ohùn jẹ́jẹ́ ni kó o fi sọ ọ́, lẹ́yìn táwọn ààfáà bá ṣàdúà tán. Oríkì màmá ẹ ni kó o kọ́kọ́ pè, kó o sì dárúkọ ohun tí wọ́n máa ń jẹ. Tó ò bá mọ oríkì náà, tètè lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn kọ́jọ́ tó pé.