Èsì: Ṣé ẹ̀wà tó ń pa kòkòrò kò ní pa wá lára?
Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀wà SAMPEA 20-T, tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria gbé jáde, lè pa ẹni tó bá jẹ ẹ́ lára. Jíìnì (ohun tó ń pinnu àbùdá ohun ẹlẹ́mìí) láti ara bakitéríà inú ilẹ̀ kan tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ló ń mú kí ó pèsè purotéènì tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìfun ìdin Maruca, kòkòrò tó máa ń ba ẹ̀wà jẹ́ lóko, tí yóò sì dá a lu. Ṣùgbọ́n ìfun tiwa kò ní ibi tí yóò lẹ̀ mọ́, ásíìdì inú ikùn wa sì máa ń fọ́ ọ, ká má tilẹ̀ sọ ti iná tí a fi ń se ẹ̀wà. Èyí tó kàn mí jù ni pé ẹ̀wà yìí kò dá àwọn kòkòrò tó ń fa omi ara ẹ̀wà mu dúró, nítorí náà àgbẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ fín oògùn díẹ̀.